Òfin Láàrin Ènìyàn àti Dímọ̀n Rẹ̀ nínú Ayé Ìtàn Philip Pullman

Nínú ayé tí Philip Pullman, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ nínú ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀ tí ó pè ní Northern Lights, èyí tí ó jáde ní ọdún 1995, kò sí ènìyàn tí ń dá rìn. Olúkúlùkù ni ó ní ẹranko kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ẹranko náà ń sọ̀rọ̀, ó ń ronú, ó ń bínú, ó sì ń bẹ̀rù. Kì í ṣe ẹran ọ̀sìn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ajá ọdẹ tí a lè tà tàbí kí a fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ẹ̀mí ẹni náà gan-an ni, tí ó gbé àwọ̀ ẹranko wọ̀, tí ó sì ń rìn ní òde ara. Òǹkọ̀wé náà pè é ní dæmon. Bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ni a fi kọ ọ́ ní dímọ̀n níhìn-ín. Ìwé méjì mìíràn tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, The Subtle Knife ní ọdún 1997 àti The Amber Spyglass ní ọdún 2000. Lyra, ọmọbìnrin tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Jordan, ni olú ẹ̀dá ìtàn; Pantalaimon ni orúkọ dímọ̀n rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Jordan lọ sí ìlú Oxford tiwa yìí yóò kàn ṣe wàhálà lásán ni, nítorí pé Oxford ti inú ayé ìtàn náà nìkan ni ó wà.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ìwé yìí sí èdè Yorùbá ti lè kọ́kọ́ ṣìnà. Láti inú èdè Gíríìkì àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì, ẹ̀mí kan tí ó wà ní agbedeméjì òrìṣà àti ènìyàn ni daimon. Ó lè ṣe rere, ó sì lè ṣe búburú. Socrates, ọlọ́gbọ́n ìlú Athens tí wọ́n fún ní májèlé mu ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Jésù, a máa sọ pé láti ìgbà èwe òun ni òun ti ń gbọ́ ohùn kan tí ń dá òun dúró bí òun bá fẹ́ ṣi ẹsẹ̀ gbé. Nígbà tí ẹ̀sìn Krístì gbilẹ̀, àwọn olùkọ́ rẹ̀ yí ojú ọ̀rọ̀ náà padà, ó sì di ohun tí Bíbélì Yorùbá ń pè ní ẹ̀mí èṣù. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ojú Èṣù Láàlú rí lọ́wọ́ àwọn atúmọ̀ Bíbélì kò ní ṣàì rí i pé irú ìyà kan náà ni ó jẹ ọ̀rọ̀ Gíríìkì yìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá kọ ọ́ pé Lyra àti ẹ̀mí èṣù rẹ̀ jọ ń sáré lọ sí yàrá àwọn ọ̀mọ̀wé, ìwé náà ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láti ojú ewé kìn-ín-ní. Orí pàápàá kò ṣe é. Lóòótọ́, tẹni ni orí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń bá orí rẹ̀ sùn lórí ẹní kan kí wọ́n sì máa jiyàn lójúkojú. Ẹnìkejì sún mọ́ ọn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ọ̀run ni ẹnìkejì ń gbé, ojú lásán kò sì rí i. Ó sàn kí a yá ọ̀rọ̀ náà lò bí ó ti rí.

Ìbéèrè tí irú ìjíròrò yìí máa ń bí ni pé: òfin wo ni ó so ènìyàn àti dímọ̀n pọ̀, ta ni ó sì ṣe òfin náà? Èdè Yorùbá ní ohun èlò tí ó mú ìtúpalẹ̀ ìbéèrè yìí rọrùn ju bí ó ti rí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a fi kọ ìwé náà lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, law, ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ohun tí ń mú òkúta já bọ́ láti òkè àti fún ohun tí àwọn aṣòfin kọ sínú ìwé. Yorùbá kì í pa wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan kò bá sí nínú àbùdá ẹ̀dá, a ó sọ pé kò ṣeé ṣe. Bí ó bá jẹ́ èèwọ̀, a ó sọ pé a kì í ṣe é. Bí ó bá jẹ́ pé ọba tàbí ìjọba ni ó fi òfin dè é, a ó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe é. Gbólóhùn ìyísódì mẹ́ta nìyí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tí ó ni ín: ẹ̀dá ni ó ni ti àkọ́kọ́, àwùjọ ni ó ni èkejì, aláṣẹ ni ó ni ẹ̀kẹta. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wà nínú ìwé Pullman. Ibi tí àwọn tí ń pàṣẹ “kò gbọdọ̀” ti gbójúgbóyà ṣe ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀ pé “a kì í” ṣe, níbẹ̀ ni wàhálà inú ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí kò ṣeé ṣe kò gba àlàyé púpọ̀. Kò ṣeé ṣe fún ènìyàn láti jìnnà sí dímọ̀n rẹ̀ ju ìwọ̀n ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gbìyànjú rẹ̀, ìrora tí yóò dé sí àyà àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò fà wọ́n padà. Bí ọ̀kan bá fara pa, èkejì ń jẹ̀rora. Bí ènìyàn bá kú, dímọ̀n rẹ̀ a pòórá bí èéfín. Dímọ̀n ọkùnrin sábà máa ń jẹ́ abo, ti obìnrin a sì jẹ́ akọ. Àwọn díẹ̀ wà tí tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀, òǹkọ̀wé náà kò sì fi wọ́n ṣe àríyànjiyàn.

Àwọ̀ tí dímọ̀n ń gbé wọ̀ ni ó lọ́rọ̀ nínú. Níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá ṣì jẹ́ ọmọdé, dímọ̀n rẹ̀ lè yí padà bí ó bá ṣe wù ú: Pantalaimon lè jẹ́ àfòpiná ní ìṣẹ́jú yìí, kí ó di eku, kí ó sì tún di ológbò igbó bí ìjà bá dé. Bí ọmọ náà bá ti ń bàlágà, ìyípadà yìí a máa dínkù, títí dímọ̀n yóò fi dúró lórí àwọ̀ kan ṣoṣo tí kì yóò kúrò lára rẹ̀ mọ́ títí ọjọ́ ikú. Lyra kò fẹ́ kí ọjọ́ náà dé. Atukọ̀ kan ni ó là á yé e nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé e lọ sí ìhà àríwá. Ẹyẹ òkun ni dímọ̀n atukọ̀ náà, ó sì ní láti ara rẹ̀ ni òun ti mọ irú ẹni tí òun jẹ́: ẹyẹ tí kò lẹ́wà, tí kò sì lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ó lè rí oúnjẹ àti ẹgbẹ́ níbi gbogbo. Ó tún sọ nípa ọkùnrin kan tí dímọ̀n rẹ̀ dúró lórí ẹja dọ́fíìnì. Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin yìí kò lè gun èbúté mọ́. Ọkọ̀ ni ilé rẹ̀ títí ó fi kú tí wọ́n sì sin ín sínú òkun. Kò sí ẹni tí ó dá a lẹ́jọ́, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Níhìn-ín ni a lè bá òǹkọ̀wé náà jà díẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ajá ni dímọ̀n àwọn ìránṣẹ́ sábà máa ń jẹ́. Lord Asriel, ọlọ́lá, ní ẹkùn orí òkè oníyìnyín. Ìránṣẹ́ rẹ̀ ní ajá. Bí àwọ̀ dímọ̀n bá ń fi irú ẹni tí ènìyàn jẹ́ hàn, ó dà bí ẹni pé àbùdá ni ipò ìránṣẹ́, pé a bí i mọ́ ẹni náà ni, kì í ṣe pé òṣì tàbí ètò ìlú ni ó fi í síbẹ̀. Ìwé tí ó ń bá àwọn aláṣẹ jà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò yẹ kí ó gba èyí wọlé láìbi í léèrè. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní ìwé náà lè jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jà á dáadáa.

Ó di ọ̀rọ̀ èèwọ̀. A kì í fi ọwọ́ kan dímọ̀n ẹlòmíràn. Gbólóhùn kan yìí ni òpó tí gbogbo ìtàn náà dúró lé. Dímọ̀n lè bá dímọ̀n ṣeré, wọ́n lè bá ara wọn jà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn kì í kan dímọ̀n tí kì í ṣe tirẹ̀. Lójú ogun pàápàá, jagunjagun tí ó ṣetán láti gún ọ̀tá rẹ̀ pa kò jẹ́ gbá dímọ̀n ọ̀tá náà mú. Kò sí ìwé òfin tí a kọ ọ́ sí, kò sí ọlọ́pàá tí ń ṣọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni Lyra kò rántí pé ẹnikẹ́ni kọ́ òun rí. Ó kàn mọ̀ ọ́n ni, bí ọmọ ti ń mọ ohun tí ń mú ojú tini kí ó tó mọ orúkọ ìtìjú.

Bí Pullman ṣe fi èèwọ̀ náà hàn yẹ fún àkíyèsí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ìtàn kíkọ. Kò to àwọn òfin ayé rẹ̀ jọ sí orí kìn-ín-ní bí ẹni ń ka ìwé òfin sétígbọ̀ọ́ ìlú. Ó ti sọ ní gbangba pé ìtàn náà kọ̀ láti rìn ní ìbẹ̀rẹ̀, títí òun fi fún Lyra ní ẹnìkan tí yóò máa bá sọ̀rọ̀, àti pé lẹ́yìn náà ni ó wá yé òun pé ti ọmọdé nìkan ni ó yẹ kí ó máa yí àwọ̀ padà. Ó tún dárúkọ àwọn àwòrán àtijọ́ tí ó là á lójú, lára wọn ni èyí tí Leonardo da Vinci yà, tí ó wà ní ìlú Kraków nílẹ̀ Pólándì, níbi tí ọ̀dọ́bìnrin kan ti gbé ẹranko kékeré onírun funfun mọ́ àyà. Nítorí náà, òǹkàwé kọ́kọ́ ń gbé pẹ̀lú dímọ̀n fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ewé, ó ń rí i bí wọ́n ṣe ń sùn mọ́ra tí wọ́n sì ń jiyàn, kí ó tó dé ibi tí ọwọ́ àjèjì yóò ti kan ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí ó bá dé ibẹ̀, ara òun náà a bù mọ́ ọn.

Èèwọ̀ náà ní ihò, àwọn ọlọ́gbọ́n àrékérekè sì mọ ibẹ̀. Mrs Coulter, arẹwà obìnrin tí ó mú Lyra lọ sí London, kò jẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan Pantalaimon. Ọ̀bọ aláwọ̀ wúrà tí í ṣe dímọ̀n rẹ̀ ni ó gbé Pantalaimon lulẹ̀ tí ó sì fìyà jẹ ẹ́ títí Lyra fi ṣe ohun tí obìnrin náà ní kí ó ṣe. Obìnrin náà kò mà rú èèwọ̀ kankan. Ẹ̀rín ni ó ń rín.

Mrs Coulter yìí kan náà ni olórí àwọn tí ń jí ọmọ gbé. Magisterium, ìyẹn ẹgbẹ́ aláṣẹ ìjọ tí ń darí ayé náà, ti rí i pé ohun kan tí wọ́n ń pè ní Dust, tí a lè pè ní Eruku, máa ń wá sára àgbàlagbà ṣùgbọ́n kì í wá sára ọmọdé. Wọ́n gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni Eruku. Wọ́n wá rò ó pé bí a bá gé ọmọ kúrò lára dímọ̀n rẹ̀ kí dímọ̀n náà tó dúró lórí àwọ̀ kan, ẹ̀ṣẹ̀ kì yóò ráyè wọlé. Ní Bolvangar, ilé kan nínú òtútù ìhà àríwá, wọ́n ṣe àgò méjì, wọ́n sì so abẹ kan sí òkè àárín wọn. Wọ́n ń fi ọmọ sínú ọ̀kan, wọ́n ń fi dímọ̀n rẹ̀ sínú èkejì, wọ́n sì ń ju abẹ náà sílẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ yìí yẹ kí ó mú olùkọ́ èdè ronú. Wọn kò pè é ní gígé. Intercision ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi èdè Látìn hun kí etí má baà ta gìrì. Orúkọ ẹgbẹ́ tí ń ṣe é, General Oblation Board, dún bí ti ẹ̀ka ilé iṣẹ́ ìjọba kan. Ọrẹ tí a fi fún Ọlọ́run ni oblation, àwọn ọmọ tí òbí wọn fi jìn fún ilé àwọn mọ́ńkì ní ayé àtijọ́ ni wọ́n sì ń tọ́ka sí. Àwọn ọmọ ìgboro tí wọ́n ń jí kó kò gbọ́ Látìn. Wọ́n mú lẹ́tà mẹ́ta tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà, wọ́n sì sọ ẹgbẹ́ náà ní Gobblers, àwọn tí ń gbéni mì. Àwọn ọmọ náà ni ó pe nǹkan ní orúkọ tí ó jẹ́. Lord Asriel rán Lyra létí pé ìjọ ti ṣe ohun tí ó jọ èyí rí, nígbà tí wọ́n ń tẹ àwọn ọmọkùnrin lọ́dàá kí ohùn orin wọn má baà yí padà. Ti ìtẹ̀lọ́dàá yìí kì í ṣe àròsọ. Ó ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù tiwa yìí.

Ohun tí gígé náà ń ṣe fún ọmọ ni Pullman fi Tony Makarios hàn. Ọmọ òtòṣì ni Tony ní London. Mrs Coulter ni ó fi ohun mímu dídùn tàn án lọ. Nígbà tí Lyra àti Iorek, ẹranko béárì tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, rí i nínú ahéré kan tí wọ́n ń sá ẹja sí, Ratter, dímọ̀n rẹ̀, kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹja gbígbẹ kan ni ọmọ náà gbá mọ́ àyà, bí Lyra ṣe máa ń gbá Pantalaimon mọ́ra. Lyra, tí kò bẹ̀rù ohunkóhun títí di ìgbà náà, fẹ́ sá padà; inú rẹ̀ ń ru. Ó fi agídí mú ọmọ náà, ó gbé e lọ sí ibùdó àwọn ará rẹ̀. Àwọn géńdé ọkùnrin tí ó wà níbẹ̀, tí wọ́n ti ibi jíjìn wá láti gba àwọn ọmọ wọn sílẹ̀, fà sẹ́yìn nígbà tí wọ́n rí i. Èèwọ̀ tí wọ́n ti ń pa mọ́ láti kékeré kò kọ́ wọn ní ohun tí a ń ṣe fún ẹni tí a ti rú u lé lórí. Ìríra nìkan ni ó kọ́ wọn. Ibi tí ìwé náà ti jinlẹ̀ jù lọ nìyí. Èèwọ̀ tí ń dáàbò bo ọmọ ní àná ni ó di ohun tí ń lé e kúrò láàrin ènìyàn lónìí, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ni ó ṣẹ̀.

Tony kú ní òru ọjọ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ti gba ẹja ọwọ́ rẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ fún ajá. Nígbà tí Lyra gbọ́, ó bínú débi pé àwọn àgbà ń bẹ̀ ẹ́. Ó wá rántí pé ní ibojì abẹ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Jordan, wọ́n ń fi owó tí a ya àwòrán dímọ̀n sí tì òkú àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó mú owó wúrà kan, ó fi ọ̀bẹ kọ orúkọ Ratter sí i lára, ó sì fi í sí ẹnu ọmọ náà. Kò sí ẹni tí ó pàṣẹ rẹ̀ fún un.

Ó kù díẹ̀ kí ó kan Lyra fúnra rẹ̀. Ní Bolvangar, àwọn ọkùnrin gbá a mú níbi tí ó ti ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn sì na ọwọ́, ó di Pantalaimon mú. Ìmọ̀lára tí Pullman ṣàpèjúwe níbẹ̀ kò jọ ti ẹni tí a lù; ó jọ ti ẹni tí a tú sí ìhòòhò tí ọwọ́ àjèjì sì wọ inú rẹ̀ lọ. Wọ́n ti gbé e sínú àgò, abẹ ti fẹ́ já bọ́, kí Mrs Coulter tó wọlé tí ó sì figbe ta. Òun ni ìyá tí ó bí Lyra. Ohun tí ó ti fọwọ́ sí fún ọmọ ọlọ́mọ, kò lè wò ó kí wọ́n ṣe é fún ti ara rẹ̀.

Òfin àwọn béárì yàtọ̀. Wọn kò ní dímọ̀n. Ìhámọ́ra irin tí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ ni ẹ̀mí rẹ̀. Iofur, ọba wọn, ń jowú ènìyàn, ó fẹ́ ní dímọ̀n lọ́nàkọnà, ó sì ń gbé ère ọmọlangidi sórí itan. Ìfẹ́ tí kò bá àbùdá rẹ̀ mu yìí ni Lyra fi tàn án: ó pe ara rẹ̀ ní dímọ̀n Iorek, ó sì ṣèlérí pé òun yóò di ti Iofur bí ó bá ṣẹ́gun Iorek nínú ìjà. Iorek ni ó pa á.

Bí ìtàn bá ti ń lọ, àwọn tí òfin náà kò dè bẹ́ẹ̀ ń yọjú. Àwọn àjẹ́ ìhà àríwá lè rán dímọ̀n wọn lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ẹyọ owó ni wọ́n fi rà á, nítorí pé ní ìgbà èwe wọn, wọ́n ti dá la ilẹ̀ aṣálẹ̀ kan kọjá níbi tí dímọ̀n kò lè wọ̀, wọ́n sì ti jẹ ìrora ìyapa náà tán. Will, ọmọkùnrin tí ó ti ayé tiwa wá, gbé dímọ̀n tirẹ̀ sínú ara láìmọ̀. Pantalaimon fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rú èèwọ̀ nítorí Will: nígbà tí ọgbẹ́ ìka rẹ̀ tí a gé ń dá a lóró, Pantalaimon di ajá, ó sì lá ọwọ́ ọmọkùnrin náà, ẹnu sì ya Lyra. Ní òpin ìwé kẹta, nígbà tí àwọn méjèèjì ti mọ̀ pé àwọn fẹ́ràn ara wọn, olúkúlùkù na ọwọ́ sí dímọ̀n èkejì, kò sì dùn wọ́n. Láti ìgbà náà ni àwọ̀ àwọn dímọ̀n wọn kò ti yí padà mọ́. Ó hàn gbangba pé ọwọ́ kọ́ ni èèwọ̀ náà ń lé. Ọwọ́ tí a kò fún láyè ni. Nínú àwọn òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èèwọ̀ nìkan ni ó ní irú ilẹ̀kùn báyìí.

Àbùdá ní tirẹ̀ kò gba ẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ó bá kúrò nínú ayé tí a bí i sí kò lè pẹ́ ní ayé mìíràn ju nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lọ kí àìsàn tó pa á, nítorí pé dímọ̀n rẹ̀ kò lè gbé ilẹ̀ àjèjì. Bàbá Will ti fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Gbogbo fèrèsé láàrin ayé àti ayé ni a sì gbọ́dọ̀ tì pa. Will padà sí Oxford tirẹ̀, Lyra padà sí tirẹ̀, ohun tí ó sì kù fún wọn ni ìjókòó onígi kan nínú ọgbà ewéko tí ó wà ní ìlú méjèèjì, níbi tí olúkúlùkù yóò máa jókòó fún wákàtí kan ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́dọọdún.

Nígbà tí Pullman padà sí ìtàn yìí nínú The Secret Commonwealth, tí ó jáde ní ọdún 2019, Lyra ti pé ọmọ ogún ọdún. Ìrìn àjò rẹ̀ sí ilẹ̀ àwọn òkú, níbi tí ó ti fi Pantalaimon sílẹ̀ ní èbúté, ti jẹ́ kí òun náà lè jìnnà sí dímọ̀n rẹ̀ bí àwọn àjẹ́. Ó sì ń fi í pa mọ́. Ṣùgbọ́n ìjà ti dé láàrin àwọn méjèèjì. Kì í ṣe Magisterium ni ó yà wọ́n ní ọ̀tẹ̀ yìí, kò sì sí abẹ kankan níbẹ̀. Pantalaimon kọ ìwé kúkúrú sílẹ̀ fún un, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lyra dìde, ó di ẹrù rẹ̀, ó sì kọjú sí ọ̀nà ìlà-oòrùn láti wá a, láàrin àwọn ènìyàn tí ń bojú wẹ̀yìn nígbà tí wọ́n bá rí i pé kò sí ẹranko kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.